Asẹ́ Tí Mo Fọ̀ Títí Ó Fi Ń Dán

Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ dá àbúrò mi padà wá sílé láti Àbújá, ohun mẹ́ta ló bá a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: ìyàwó rẹ̀, àpótí aṣọ kan, àti ike ńlá kan tí ẹja mẹ́fà ń yí po nínú rẹ̀. Mo ti dúró láti àárọ̀ lẹ́nu ilé tó kọ́ sí ọ̀nà Àlájùé níhìn-ín ní Ẹdẹ, mo sì ti ki ara mi nílọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sunkún tí mo bá rí i. Àwọn ẹja yẹn ló yọ mí. Bí mo ṣe fẹ́ wo apá ọ̀tún rẹ̀ tó rọ̀ jọwọlọ lórí itan, ojú mi bọ́ sórí ẹja funfun kan tó dà bíi pé epo pupa ta sí i lẹ́yìn.

"Kí lèyí?" ni mo bi í.

"Kóì ni wọ́n ń pè é, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ọbẹ̀ la ó fi sè ni, àbí a ó yan án?"

"A kì í jẹ ẹ́."

"Kí la wá ń fi í ṣe?"

"À ń wò ó ni."

Mo wo ojú ìyàwó rẹ̀ bóyá àìsàn náà ti dé orí. Ó mi orí sí mi pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ọgbà ọ̀gá kan ni àbúrò mi ń tọ́jú ní Àbújá fún ọdún gbọọrọ, ọ̀gá náà ló fi ẹja yìí ta á lọ́rẹ nígbà tí ara kò gba iṣẹ́ mọ́. Àwọn aládùúgbò wá kí wa kú àbọ̀, gbogbo wọn ló bi wá ní ìbéèrè kan náà. Ọkùnrin kan tó ń fọ́ òkúta ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà dúró ti àwọn ẹja náà, ó ní tí a bá ti wò wọ́n tó, kí a jẹ́ kí òun gbọ́, ata ń bẹ nílé òun.

Bíríkìlà ni mí. Ilé-ìwé mọ́dà ni mo lọ, n kò sì kà á tán. Eékún ń dùn mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, ìyàwó mi sì lọ bá ọmọ wa obìnrin gbé ọmọ jòjòló ní Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta náà ti wọ ọdún kejì báyìí. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi ní òun fẹ́ kí n gbẹ́ pọ́ńdì kan sí ẹ̀yìn ilé, kò sí irọ́ kankan tí mo lè pa pé ọwọ́ mi dí. Mo gbẹ́ ẹ. Mo fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì tẹ́ inú rẹ̀, mo fi omi fọ oró sìmẹ́ńtì náà kúrò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbin òṣíbàtà sí igun kan kí ẹja lè rí ibòji.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ṣe gbogbo làálàá yìí. Nọ́ọ̀sì kan ń wá fa apá fún àbúrò mi ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ó máa ní kó di bọ́ọ̀lù mú, kó tú u sílẹ̀, kó tún dì í mú. Àbúrò mi kò gbà. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé, ẹnikẹ́ni kò ní fún òun ní bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀sì náà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, tí ọwọ́ yẹn bá jókòó bẹ́ẹ̀ tó ọdún kan, ẹ má retí nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́." Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tí ẹja wọ pọ́ńdì, ó jókòó sórí àga létí omi, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ ẹja lé e lẹ́sẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì gbéra. Ó wá bí ẹni tó ń ti ẹrù wúwo. Ìka méjì gán kóró oúnjẹ kan, wọ́n jù ú, kóró náà bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Ó tún mú òmíràn. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi etí ìró di ẹnu, kò sì kúrò níbẹ̀ títí kóró kan fi bọ́ sínú omi. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹja ni nọ́ọ̀sì wa.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí omi yẹn fi dà bí ọbẹ̀ ewé. Ó ń rùn. Àbúrò mi ní nílé ọ̀gá òun, ẹ̀rọ kan máa ń fa omi jáde, á gbé e gba inú asẹ́ ńlá kan kọjá, á sì dá a padà ní mímọ́. Ó tiẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpótí aṣọ rẹ̀, pọ́ǹpù tí wọ́n ń rì sínú omi, pẹ̀lú wáyà gígùn.

Mo mú pọ́ǹpù náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ṣàlàyé fún un bí àgbà. Mo ní iná ìjọba ní Ẹdẹ kì í dúró. Tó bá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹja á kú. Mo ní jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ẹja kì í fẹ́ ariwo. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo rẹ̀, àfi ti ariwo tí mo hùmọ̀ níbẹ̀. Ohun tí n kò sọ ni pé wáyà tútù kan gbá mi mú rí níbi iṣẹ́, ó jù mí sórí yanrìn, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń fi igi gbígbẹ tẹ bọ́tìnnì iná ní ilé ara mi. Èmi kọ́ ló máa ki ọwọ́ bọ omi tí wáyà wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi wò mí, ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe èyí tí ẹ bá lè ṣe."

Ohun tí mo lè ṣe, ọ̀dọ̀ ìyá wa ni mo ti rí i. Aláró ni ìyá wa. Ó máa ń gbé ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ lu ihò lé orí òmíràn, á kó eérú kún ti òkè, á da omi sí i, omi náà á sì máa kán sí ìsàlẹ̀ ní wọ̀ọ́rọ̀wọ́, ó mọ́ kedere, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti tíì. Mo jókòó, mo fi èédú ya á sára ògiri: dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta, èyí ga ju èyí lọ, lórí bíríkì tí mo tò bí àtẹ̀gùn. Àkọ́kọ́ ṣófo, kí ẹrẹ̀ lè rọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ìkejì, mo kó fóòmù àti àwọ̀n ìpẹja tó ti ya sínú rẹ̀. Ìkẹta, tó tóbi jù, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Páìpù so wọ́n pọ̀, páìpù tó kẹ́yìn sì ń da omi padà sínú pọ́ńdì láti òkè, kó lè máa hó.

Ó dára lójú. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ẹni tí yóò gbé omi láti inú pọ́ńdì lọ sínú dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Ìyẹn ni wáyà ì bá ṣe. Èmi ni mo di pọ́ǹpù. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, màá gun ọ̀kadà láti agbo ilé wa wá síbẹ̀, màá máa fi garawa bu omi sókè títí ẹ̀yìn á fi ké, ní ìrọ̀lẹ́ màá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń gbé garawa lọ sókè, màá máa sọ fún ara mi pé, "Ìwọ lo ní o ò fẹ́ iná."

Fún oṣù kan, kò sí àyípadà. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó là títí a fi ń rí ìdí pọ́ńdì, a sì ń rí àwọn ẹja náà bí ẹni ń rí nǹkan nínú dígí. Inú mi dùn débi pé mo pe ọkùnrin tó ní ata nílé pé kó wá wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí ń bí mi nínú ni àwọn òkúta inú dúrọ́ọ̀mù kẹta. Nǹkan kan ti bò wọ́n, àwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ń yọ̀ bí ilá. Tí mo bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ara mi á bù máṣọ. Mo rò ó lọ́kàn pé bí omi bá lè mọ́ tó báyìí pẹ̀lú òkúta ẹlẹ́gbin, báwo ni yóò ti mọ́ tó tí òkúta bá mọ́?

Ìyẹn ni mo ń rò nígbà tí ìyàwó àbúrò mi dé láti ọjà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní wolé-wolé ti wà nítòsí o. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń wọ̀, nítorí ẹ̀fọn."

Ẹ̀yin tí ẹ kéré kò mọ ohun tí wolé-wolé jẹ́ fún wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìyá wa á sáré máa bo ìkòkò. Wọ́n á mú ọ̀pá, wọ́n á máa yọjú wo inú àmù, tí wọ́n bá rí tanwíìji kan ṣoṣo tó ń jó nínú omi, ó di kóòtù. Lọ́jọ́ kan, mo sá wọ inú ìkòkò aró tí mo rò pé ó gbẹ. Kò gbẹ. Wolé-wolé ti lọ tipẹ́ kí n tó jáde, ìdí mi sì dúdú bí aṣọ ẹtù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, mo ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yẹn pe orúkọ wọn, ilé ìyàgbẹ́ ni mo sá gbà lọ.

Nígbà tí mo jáde níbẹ̀, mo da omi dúrọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Mo kó òkúta sílẹ̀. Mo bu ọṣẹ ẹlẹ́bu sí i, mo da omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun sí i, mo mú kànìnkànìn, mo sì ń fọ̀ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni fọ eyín. Ìyàwó àbúrò mi ká aṣọ sókè, ó bá mi jókòó tì í. Mo ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo fọ fóòmù, mo fọ àwọ̀n. Ó wo òkúta náà nínú oòrùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ń dán bí abọ́ iléyá." Àbúrò mi pẹ̀lú yọjú láti orí àga rẹ̀, ó ní ti ilé ọ̀gá òun kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà sínú dúrọ́ọ̀mù.

Wolé-wolé dé lọ́jọ́ kejì. Obìnrin kan ni, ó lo híjáàbù, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti ọmọ mi àbígbẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wo kọ̀ǹga bóyá ó ní ọmọrí, ó wo ilé ìyàgbẹ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Nígbà tó dé ibi pọ́ńdì, ó pariwo, "Áà! Ẹ wo ẹja!" Ó yọ fóònù, ó ya wọ́n ní fọ́tò. Ó ní, "Ó dáa bí ẹ ṣe fi ẹja síbẹ̀, sà. Wọ́n á máa jẹ tanwíìji." Kò wo ibi dúrọ́ọ̀mù rárá. Mo sìn ín dé ojú ọ̀nà, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò bẹ̀rù rí.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí omi ìrẹsì. Àwọn ẹja gbé ẹnu sí ojú omi, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, mo sì bá èyí tó ní àwọ̀ wúrà ní ìdùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lókè. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo sì sin ín sí ìdí ìbẹ́pẹ. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ bí ẹni tó jalè.

Wọ́n gbé àbúrò mi jáde, wọ́n gbé abọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Ó wo omi títí.

"Ẹ̀gbọ́n, márùn-ún ni mò ń rí."

"Ìkẹfà wà lábẹ́ òṣíbàtà," ni mo sọ.

Mo ti purọ́ rí láyé mi, ti bíríkìlà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n n kò tíì pa èyí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ó gbà mí gbọ́. Ó na apá ọ̀tún yẹn síwájú, ó ń ju kóró lọ sí ọ̀dọ̀ òṣíbàtà, ó ń súfèé pè é. Òṣíbàtà jìnnà. Kóró kọ́kọ́ ń bọ́ sí àárín ọ̀nà, ó tún jù, ó tún jù, títí ọ̀kan fi bà lé orí ewé. Ọwọ́ náà kò tíì ju nǹkan jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣàìsàn. Ó yíjú sí mi bóyá mo rí i. Mo ní mo rí i.

Lọ́jọ́ kejì, méjì kú pọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ rí wọn. Ó fi ọwọ́ òsì ti abọ́ oúnjẹ kúrò lẹ́sẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun gbé òun wọlé. Nígbà tí mo yọjú wò ó, ọwọ́ ọ̀tún ti padà sí ibi tó wà ní ọjọ́ tó ti Àbújá dé.

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sí Àrá, ìlú tó wà nítòsí wa. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sin ẹja àrọ̀, èmi ni mo mọ pọ́ńdì fún un nígbà kan. Mo bá a níbi tó ti ń fún ẹja lóúnjẹ, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú wolé-wolé.

"Bàbá," ló ní, "ẹ fi ọṣẹ fọ òkúta asẹ́?"

"Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

"Ẹ tún da omi ìbóṣọ sí i?"

"Díẹ̀ ni."

"Ẹ ò kúkú fi àtíkè kùn ún."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ gbọ́, nǹkan tó ń yọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀gbin. Ó lẹ́mìí. Òun ló ń jẹ oró inú ìgbẹ́ ẹja. Òkúta kì í sẹ́ nǹkan kan, ilé ló jẹ́ fún un. Ẹ ti pa gbogbo ará ilé."

Ó ní a kò gbọdọ̀ fún wọn lóúnjẹ rárá fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí n máa pààrọ̀ ìdajì omi lójoojúmọ́. Kí a máa bu omi sókè, kí a máa dà á padà láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ó wá kó òkúta láti inú asẹ́ tirẹ̀, dúdú, yíyọ̀, ó kó o sínú àpò kan pẹ̀lú omi rẹ̀, ó ní kí n dà á sínú dúrọ́ọ̀mù mi kó tó gbẹ. Ọlọ́kadà tó gbé mi padà ń yí imú kiri.

"Bàbá, kí lẹ gbé sẹ́yìn mi? Ó ń rùn o!"

"Asẹ́ ni."

"Asẹ́ kí ni?"

"Ṣá máa sáré, kó má gbẹ."

Lẹ́yìn tí mo da òkúta náà sí dúrọ́ọ̀mù, mo wọlé lọ bá àbúrò mi. Mo sọ fún un, láti orí ọṣẹ dé ìdí ìbẹ́pẹ. Mo dúró sọ ọ́, n kò lè jókòó.

Ó ní, "Wolé-wolé, Ẹ̀gbọ́n? Títí di òní?"

"Títí di òní."

N kò mọ̀ bóyá mo retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ rí mi tí mò ń ju oúnjẹ sí ewé. Ẹ dúró, ẹ ń wò mí."

Mo sọ èyí tó kù, pé ọkùnrin Àrá ní a kò gbọdọ̀ fún àwọn mẹ́ta tó kù lóúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

"Kí wá ni mo fẹ́ máa fi ọwọ́ ṣe?" ló bi mí.

Mo jáde. Mo mú garawa. Ní ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì, mo fa omi nínú kọ̀ǹga, mo da ìdajì omi pọ́ńdì sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo bu omi sí dúrọ́ọ̀mù, tí ẹ̀yìn bá ní kí n jókòó, màá jókòó sí etí pọ́ńdì, màá máa fi ife bu omi, màá máa dà á padà láti òkè. Ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tó bá gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ó ti rẹ àwa méjèèjì. Mo ń wo ẹja mẹ́ta tó ń mí gúlegúle, mo sì ń rò ó pé tí wọ́n bá kú, a kò ní gbé àga yẹn jáde mọ́ láéláé.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n gbé òun jáde. Kò kí mi. Ó kà wọ́n, ó rí mẹ́ta. Ó jókòó wo èmi tí mò ń bu omi fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan.

"Ojú kan náà lẹ ń dà á sí," ló sọ.

"Ibo ni kí n dà á sí?"

"Ibi tí wọ́n wà ni. Ẹ gbé e wá jàre."

Mo na ife náà sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á, ó fi há ọwọ́ ọ̀tún, ó ká ìka mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń de okùn. Mo fa àga rẹ̀ súnmọ́ etí omi. Ó tẹ̀ síwájú, ife náà wọ omi, ó gbé e sókè, apá náà ń gbọ̀n, kò sì ga ju eékún rẹ̀ lọ kó tó dà nù. Èyí tó bọ́ sínú pọ́ńdì kò tó ìdajì. Ìyókù dà sí mi lẹ́sẹ̀, nítorí mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo ń di ẹsẹ̀ àga náà mú kó má baà ṣubú sómi.

"Ẹ sún," ló ní.

"Bu omi ẹ."

Ó tún bù ú. Ṣòkòtò mi ti rin gbingbin, eékún ń ta mí, àwọn ẹja sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹnu wọn lókè, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé. N kò sún.